Ẹṣin Tí Ń Gé Ọwọ́ Òfìfo Jẹ

Ìlú tí wọ́n bí mi sí ló kó bá mi. Nígbà tí ọ̀gá ológun kan, tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé lọ́dọ̀ wa, fi abo ẹṣin kan ta ilé-ìwé wa ní Ajara, lẹ́bàá Àgbádárìgì, lọ́rẹ, ọ̀gá ilé-ìwé wo gbogbo àwa olùkọ́ yíká, ó sì na ìka sí mi.

“Ọmọ Ọ̀yọ́, ẹṣin yín dé o.”

Mo ní, “Sà, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mo kà ní yunifásítì. Lọ́rì ni bàbá mi ń wà.”

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní, “Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, kì í ṣe ẹ̀kọ́.”

Bí wọ́n ṣe sọ mí di ẹlẹ́ṣin nìyẹn, èmi tí mi ò fọwọ́ kan ẹṣin rí.

Mi ò lè kọ̀. Ìjọba ológun ń dá olùkọ́ dúró lọ́tùn-ún lósì nígbà náà, olóríkunkun ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń yọ. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú oyún àkọ́bí wa. Mo ti ń bẹ ọ̀gá ilé-ìwé tipẹ́ kí ó fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda mi kí n lè lọ gbaṣẹ́ lọ́hùn-ún. Láìsí ìyẹn, ilé-ìwé kankan kò ní gbà mí. Nígbà tó yá, ó dáhùn: “Lọ́jọ́ eré ìdárayá, ọ̀gá ológun máa gun ẹṣin yìí yí pápá ká. Tí kò bá gé e jẹ, mo fọwọ́ sí i.”

Nítorí pé ẹṣin náà ń gé èèyàn jẹ. Ó gé mi léjìká níbi tí mo ti ń di gàárì mọ́ ọn. Nígbà tí mo jàjà gùn ún, ó yí ọrùn padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó gé mi nítan. Sájẹ́ǹtì tí wọ́n fi sílé-ìwé wa láti kọ́ wa níwà ọmọlúwàbí a máa fi igi gbá a lẹ́nu. Ohun tí ẹṣin rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ó tètè gé ọ kí igi tó dé.

Èmi ni mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà rí. Mílíìkì ti dàwátì nígbà yẹn, ṣúgà ti di oògùn, ṣùgbọ́n àgbọn ń já bọ́ lé wa lórí. Ègùn ni o, Yorùbá ni o, kò sẹ́ni tó ń lọ kí àlejò lọ́wọ́ òfìfo. Akẹ́kọ̀ọ́, alásè, ọ̀gá fúnra rẹ̀, ẹni tó bá ti ń kọjá á na ègé àgbọn sí i nínú àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n kí i títí ó fi gbà pé oúnjẹ ni ọwọ́ èèyàn. Ọwọ́ tó bá ṣófo, ó ń bá a wí ni.

Mo fòfin de àgbọn. Inú korobá nílẹ̀ nìkan ló ti ń jẹun. Tó bá yí ẹnu sí mi, ìgúnpá mi ni yóò bá níbẹ̀; mi ò lù ú, mi ò pariwo, màá kàn fi ìjánu tì í sẹ́yìn, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń gùn ún lọ sétí ọ̀sà. Erékùṣù Topo wà lódìkejì omi. Títì tó lọ sí ẹnubodè, wọ́n ti tì í pa, ṣọ́jà wà níbẹ̀. Títì Èkó, ṣọ́jà wà níbẹ̀ náà. Mo wà lórí ẹṣin, mi ò ríbi gùn ún lọ.

Ìyàwó mi wá wò mí lẹ́ẹ̀kan, ikùn rẹ̀ ti ga. Kò tilẹ̀ jókòó.

“Orogún mi dà?”

Mo mú un lọ. Ó wo ẹṣin láti orí dé pátákò. “Ó mà dára jù mí lọ! Ẹ wá ń sọ pé iṣẹ́ ló dá yín dúró sí Àgbádárìgì.”

Mo ní kí ó má nawọ́ sí i.

“Ẹ̀n-ẹ́n, ó tún ń jowú!”

Ṣùgbọ́n nígbà tó ń wọkọ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ṣé ẹ máa wà níbẹ̀ tí mo bá fẹ́ bímọ?”

“Tí eré ìdárayá bá ti parí,” ni mo wí. “Ọ̀gá ti ṣèlérí.”

Ọjọ́ náà pé. Mo di ìjánu mú, ọ̀gá ológun gun ẹṣin, a yí pápá ká, àtẹ́wọ́ ń dún. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ òfìfo sí i lẹ́nu. Ẹṣin gbóòórùn ọwọ́ náà, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Haà! Ta ló kọ́ ọ?”

“Èmi ni, sà.”

Ó kọjú sí ọ̀gá ilé-ìwé. “Ọkùnrin yìí ò gbọdọ̀ kúrò níbí o. Mo ní méjì mìíràn ní báréékè tí ń gé èèyàn jẹ. Wọ́n á kó wọn wá.”

“Ó ti yé wa, sà!” Ọ̀gá wa na ara gbọnran bí ẹni pé ṣọ́jà lòun náà.

Mo lé e bá lẹ́yìn àga àwọn àlejò. “Sà, ìlérí wa ń kọ́?”

“Ṣé ẹṣin gé e jẹ ni?”

“Kò gé e jẹ, sà.”

“Hẹn-ẹn. Ká ní ó gé e ni, wọn ì bá lé ọ. Kò gé e, wọ́n ní o ò gbọdọ̀ lọ. Èwo ni tèmi níbẹ̀? Lọ fún ẹṣin lómi.”

Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti sọ ọmọ wa lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ológun gbé ẹṣin méjì dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ẹni tó kó wọn wá ti fi aṣọ di ọwọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ti rin ín.

“Tíṣà, ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, ó sì na okùn méjèèjì sí mi.

Mo gbà wọ́n.