Tíṣà, Ẹni tí Mo Mọ̀ Tán tí Mo Fi Pàdánù Rẹ̀

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì kà á nínú ìwé, torí èmi àti ìwé ti pínyà láti púrámárì fó. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi bá ti rí, kò sí yunifásítì tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń gbé bọ́ọ̀lù òyìnbó wá sílé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò wa ní Ìwó, tí ọkùnrin kan fi páànù bo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó to bẹ́ǹṣì síbẹ̀, tó sọ ọ́ di ilé ìwòran. Èmi ni mo jó géètì rẹ̀ fún un. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ń ṣe nígbà náà, òun náà ni mo ń ṣe títí di òní, bí ẹ bá sì rí géètì kan ní Ìwó tí kò tẹ̀, tí kò yẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó jó o.

Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Tíṣà. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé kan ní Kuta, ṣùgbọ́n Ìwó ló háyà yàrá sí. Ẹgbẹ́ aláṣọ pupa kan láti ìlú òyìnbó ni àwa méjèèjì ń tẹ̀ lé, a sì jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú ní gbogbo Sátidé. Ó jù mí lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò nínú bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ kan náà la ń ṣe o, síbẹ̀ ẹnu wa kò kò lórí ohunkóhun rí. Bí mo bá ní kí wọ́n yọ nọ́mbà mẹ́sàn-án, yóò ní nọ́mbà mẹ́sàn-án gan-an ló gbé ẹgbẹ́ ró. Bí mo bá ní pẹ́náritì ni, yóò ní ṣe ni ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú.

“Wẹ́dà, iná irin ti fọ́ ẹ lójú!”

“Ìwọ ńkọ́, Tíṣà? Eruku ṣọ́ọ̀kì ló ti kún agbárí ẹ!”

“Ẹ wo ẹnu ẹni tó sá kúrò ní kíláàsì fó!”

“N kò sá o! Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni mo ti mọ̀ tán!”

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹnu wa ni wọ́n ń sanwó wá gbọ́, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá parí, a ó jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó tún jà á láti ìbẹ̀rẹ̀, títí ìrun Ìṣáì yóò fi tú wa ká. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́dún dé ọdún. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi nígbà náà pé ta ni ọ̀rẹ́ mi, Tíṣà ni màá kọ́kọ́ dárúkọ.

Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ kan. Bàbá Àáfà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nínú agboolé wa, tó sì di bàbá wa láti ìgbà tí tiwa ti papò dà, ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn ìrun. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó.

“Ọkùnrin kan wá bá mi nítorí àbúrò rẹ,” ni wọ́n wí. “Tíṣà ni. Ó ní ìwọ mọ òun.”

Ẹnu yà mí. Àbúrò mi yìí ń ta ìwé àti bírò níwájú ilé wa. Ṣé ẹ̀yin náà rí i, èmi tí mò ń rí ọ́fúsáìdì láti Ìwó títí dé ìlú òyìnbó, ojú mi ni Tíṣà ṣe ń ra bírò lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, bírò tí odindi ilé-ìwé kò lè lò tán, mi ò fura. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ojú tì mí.

“Bàbá, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó! Kò sí ohun tó wà lára rẹ̀ tí n kò mọ̀.”

“Alihamudulilai. Ọmọ ta ni?”

“Wọ́n ní ọmọ Ilé-Ogbó ni, Bàbá.”

“Mo bi ọ́ ní ọmọ ta ni, o ní wọ́n ní. Ó dáa. Ìyá rẹ̀ ńkọ́, ó wà láyé?”

Mo họ orí.

“Kí ló fẹ́ràn láti jẹ?”

Èyí ni mo mọ̀. “Ẹ̀pà ni, Bàbá. Ẹ̀pà sísun.”

“Ẹ̀pà nìkan? Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ ló fẹ́ wá fẹ́ ọmọ mi ni? Bí inú bá bí i ńkọ́, kí ló máa ń ṣe?”

“Ó máa ń bú rẹfirí.”

Bàbá Àáfà gbé ọwọ́ lé tẹ̀sùbáà wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pé nínú agboolé tiwa, a kì í fi ọmọbìnrin fún ẹni tí a gbọ́ nípa rẹ̀ lásán. Ẹnìkan láti inú ilé gbọ́dọ̀ lọ fi ojú ara rẹ̀ rí onítọ̀hún, kó padà wá jẹ́rìí níwájú àwọn àgbà. Kò gbọdọ̀ sọ pé “wọ́n ní”. “Mo rí i” ni wọ́n ń gbà. Ó ní ohun tó fà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Àáfà kan wà tó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi fẹ́ ọkọ fún un. Nígbà tó padà wálé, eyín iwájú rẹ̀ kò padà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ojú là ń fi wò ó pẹ̀lú, kì í ṣe etí.

“Ìwọ lo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó,” ni wọ́n wí. “Ìwọ náà ni wàá jẹ́rìí. Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí o bá tún sọ pé wọ́n ní fún mi, màá ní kí ọkùnrin náà wá ilé mìíràn lọ.”

A kì í fini joyè àwòdì, ká má lè gbádìẹ. Bí mo ṣe jáde ni àbúrò mi ti gbá mi lápá mú lẹ́yìn ògiri. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ̀pà? Ẹ̀pà lẹ rí sọ?”

“Ohun tó ń jẹ nìyẹn!”

“Ẹ ò jọ ṣọ̀rẹ́ ni? Kí lẹ máa ń bá ara yín sọ láti ọjọ́ yìí?” Ó ti fẹ́ máa sunkún. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba tèmi jẹ́. Mi ò ní fẹ́ ẹlòmíràn o. Mo ti sọ fún yín.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju iná irin lọ.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ kọ́ ni mo lọ, torí Sátidé ni, bọ́ọ̀lù wà. Ọjọ́ Àìkú ni mo kan ilẹ̀kùn Tíṣà. Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá mọ bí inú yàrá ọ̀rẹ́ mi ṣe rí. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ní mo kàn ń kọjá lọ ni. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n wọlé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àwọn agolo mílíìkì tó tò sójú fèrèsé, tí ata rodo hù nínú gbogbo wọn. Ó fi ọwọ́ kan ìkínní, ó ní gólì ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Ó fi ọwọ́ kan èkejì, ó ní nọ́mbà méjì wa. Títí tó fi kan mọ́kànlá! Ọ̀kan ti rọ láàárín wọn. Mo béèrè pé nọ́mbà wo nìyẹn.

“Nọ́mbà mẹ́sàn-án ni,” ó wí. “Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń bomi rin ín.”

Ẹ̀wà ló ń sè lọ́jọ́ náà, kò sì fi ata kan ṣoṣo sí i. Ó ní òun fẹ́ràn láti gbin ata ni, òun kò lè jẹ ẹ́. Ó di abọ́ kan sínú ìdì, ó ní òun ń lọ sí Ilé-Ogbó lọ́dọ̀ ìyá òun, mo ní ọ̀nà ibẹ̀ ni èmi náà ń lọ. A gun ọ̀kadà kan náà. Ìyá ti dàgbà, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Mo jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo Tíṣà, ọkùnrin tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo ayé, bó ṣe ń fi ọṣẹ fọ ìró ìyá rẹ̀, tó ń sá a, tó ń bá a gé èékánná. Ìyá bi mí ní ọ̀nà tí mo gbà mọ ọmọ òun. Mo ní bọ́ọ̀lù ni. Ìyá ní, “Á à, ìwọ ni alágídí yẹn! Kò sí ọjọ́ Àìkú tí kì í ròyìn rẹ.”

Ìbéèrè kan ló kù, ti inú bíbí. N kò lè padà lọ sọ pé rẹfirí ló ń bú. Lọ́jọ́rú, ẹgbẹ́ wa gbá àṣekágbá kan, wọ́n sì nà wá bí ẹní na bàrà. Mo jí lọ sílé Tíṣà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó tó lọ síṣẹ́, mo lọ da epo síná. Mo ní ẹ̀gàn ni fún nọ́mbà mẹ́sàn-án rẹ̀, mo ní ẹgbẹ́ ọ̀lẹ ni wá, mo ní ìran ọ̀lẹ ló ń gbè wọ́n. Mò ń retí kó bú mi, tàbí kó gbá mi létí, kí n lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé. Ó mú ìgbálẹ̀. Ó gbá iwájú yàrá tirẹ̀, ó gbá ti alájọgbé, ó gbá dé ẹnu kànga. Ìyá arúgbó kan tó ń gbé nínú ilé náà yọjú, ó ní, “Wọ́n tún ti na àwọn Tíṣà nìyẹn.” Ó ní bí gbogbo àgbàlá bá ti mọ́ láàárọ̀ báyìí, kò sẹ́ni tí kì í mọ̀.

Ní Jímọ̀, mo dúró níwájú àwọn àgbà. Mo sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, bí ìyá náà ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Mo ní mo rí i tó ń fọ aṣọ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ní kì í jẹ ata, kí àbúrò mi tètè máa fi ọwọ́ ata sílẹ̀. Bàbá Àáfà ní, “Bí inú bá bí i ńkọ́?”

“Ilẹ̀ ló máa ń gbá, Bàbá. Mo rí i.”

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá Àáfà ní, “Ẹ fún un ní ìyàwó kó tó gbálẹ̀ Ìwó tán.” Mo wú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kò sí ẹlẹ́rìí tó tún dà bí mi nínú agboolé wa títí di òní, ẹ lè béèrè.

Wọ́n so yìgì, àwẹ̀ wọlé, àwẹ̀ jáde, sáà bọ́ọ̀lù tuntun bẹ̀rẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́, mo ti tọ́jú ọ̀rọ̀ tí màá fi ko Tíṣà lójú. Ilé ìwòran kún dẹ́nu. Tíṣà wọlé nínú aṣọ pupa wa, ó rí mi, ó sì na gbalaja sórí ilẹ̀ eruku yẹn, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

“Ẹ káalẹ́ sà, àna mi.”

Gbogbo ilé pariwo. Ẹnìkan ní, “Wẹ́dà, o ti di ọba!” Inú mi dùn, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, kò jókòó tì mí, ẹ̀yìn mi ló jókòó sí. Nọ́mbà mẹ́sàn-án ju bọ́ọ̀lù sókè ọ̀run, mo yíjú padà, mo ní, “Tíṣà, ọmọ ẹ nìyẹn o! Kí wọ́n gbé e lọ sóko!”

“Òótọ́ lẹ sọ, sà.”

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mo ní rẹfirí ṣe dáadáa, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kékeré mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Mo fà á sẹ́yìn ògiri nígbà ìsinmi. Mo ní, “Bú mi. Mo bẹ̀ ọ́. Bú mi lẹ́ẹ̀kan péré.” Ó wolẹ̀. Ó ní, “Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí fún mi. Ta ni yóò bú ẹni tó fún un láya?”

Mo lọ bá Bàbá Àáfà kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi, Sátidé nìkan. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n ní, “Kí ọkọ àbúrò rẹ máa bú ọ ní gbangba? Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ, ọjọ́ náà ni màá gba ọmọ mi padà. Àna kì í kéré.” Mo padà sílé. Kí ni mo lè ṣe? Bí mo bá ní kí ó bú mi tó sì ṣe é, àbúrò mi ni yóò jìyà rẹ̀. Nígbà tó yá, Tíṣà ń jókòó sí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, kó má baà kọ ẹ̀yìn sí àna rẹ̀, kó má baà sì pariwo létí mi. Lẹ́yìn náà, ó ra tẹlifíṣàn tirẹ̀.

Orí fóònù ni àwọn ọmọ ń wo bọ́ọ̀lù nísinsìnyí, irùngbọ̀n mi sì ti funfun. Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Ilẹ̀kùn ilé àbúrò mi ṣí sílẹ̀ fún mi tọ̀sán-tòru, ọkọ rẹ̀ kò lù ú rí, ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọbìnrin mọ ohun tí ìyẹn tó. Mo mọ ohun tí Tíṣà ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ, mo mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, mo mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe kú àti ohun tó sọ gbẹ̀yìn. Nígbà tí mo bá dé, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò gbé àga fún mi, yóò bu omi fún mi, a ó sì jókòó, a ó fohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n kà á bó ṣe rí. Àbúrò kan ni mo fún un, mo ṣì ní in. Ọmọ mẹ́ta ló bí, tiwa ni wọ́n. Àna rere kan wọlé wá. Ọ̀rẹ́ kan ló jáde lọ.