Ọjọ́ Mẹ́ta ní Agbedeméjì Ọ̀nà

Ìyá Bàálù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ò gbé ẹsẹ̀ wọ bàálù rí láyé rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà, tó ń rán àwọn ẹlòmíràn lọ síbi tí ojú tirẹ̀ ò dé. Sọ ìlú tí ò ń lọ fún un, kò ní wo ìwé kankan kó tó dá ọ lóhùn pé, "Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ yà. Ẹ má tẹ̀ lé èrò o, ẹrù ni wọ́n ń lọ gbà." Àwọn tó lọ máa ń padà wá sọ fún un pé bó ṣe wí náà ló rí. Inú rẹ̀ á dùn, á sì tún dùn ún díẹ̀.

Ibi tó ti já fáfá jù ni ètò ìdúró lọ́nà. Bí ìrìn àjò bá jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kan ò lè gbé èèyàn débẹ̀ tààrà, ẹni tó gbọ́n lè dúró ní ọjọ́ méjì mẹ́ta nílùú tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, kó sùn, kó jẹun, kó na ẹsẹ̀, kó tó wọ èyí tó kù, owó tíkẹ́ẹ̀tì ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ìyá Bàálù ló ń là wọ́n lójú. Á ní kí wọ́n di báàgì kékeré kan lọ́tọ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n máa fi dúró, kí wọ́n má baà máa tú ẹrù ńlá nílé onílé. Á tún kì wọ́n nílọ̀ pé ìjókòó tí èèyàn bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ tú sílẹ̀, kó má wulẹ̀ retí rẹ̀ mọ́, nítorí kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ọ́fíìsì mìíràn ti tà á.

Ilé rẹ̀ ò jìnnà síbi iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti wà nílé ọkọ, òun àti Màmá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ọdún kọkànlá rèé. Orúnkún ń da Màmá láàmú, nítorí náà Ìyá Bàálù ló ń gbé omi gbígbóná fún un láàárọ̀ kó tó sáré lọ síbi iṣẹ́, òun ló sì ń dì í mú lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kò ráhùn rí. Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́, ó máa ń fi yangàn. Tí àwọn ará àdúgbò bá ní, "Ẹ kú ìtọ́jú ìyá," á dá wọn lóhùn pé kò sí ẹlòmíràn tó máa ṣe é, á sì wo ojú wọn bóyá ó yé wọn ẹni tó ń bá wí.

Ẹni tó ń bá wí ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àbúrò yìí fi ilé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó sọdá sí òpin ayé, ó sì ti tó ẹni ogójì ọdún báyìí. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ò jẹ́ kó lè wálé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìwé máa fi dé, ọmọ mẹ́ta àti iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lórí fóònù lọ́jọọjọ́ Àìkú. Lọ́dún yìí, wọ́n fún Màmá ní físà. Ó máa lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ Àbúrò.

Ìyẹn ò bí Ìyá Bàálù nínú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo fọ́ọ̀mù. Ohun tó bà á nínú jẹ́ ni ìpè tó wọlé lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí ìrìn àjò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àbúrò wí, "ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣètò kí Màmá dúró lọ́jọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀nà. Èmi náà á wọkọ̀ láti ìhín, a ó pàdé níbẹ̀, a ó wá jọ máa bọ̀. Tá a bá ti délé mi, àwọn ọmọ ń pariwo, ìyá ọkọ mi ń bẹ nílé, iṣẹ́ ń pè, mi ò ní rí Màmá sójú mọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́ tèmi nìkan, ọjọ́ mẹ́ta péré."

"Kò burú," ni Ìyá Bàálù dáhùn. "Màá wò ó."

Tèmi nìkan. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún, kò sì jáde. Òun tó ti wà lọ́dọ̀ Màmá láti ọdún mọ́kànlá, ìgbà wo ni Màmá jẹ́ tirẹ̀ nìkan rí? Ti omi gbígbóná ni, ti dókítà ni, ti ìkòkò orí iná ni. Wọn ò jókòó sí etí omi rí, kí wọ́n máa wojú ara wọn láìṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń fọ abọ́ ò jẹ dídùn, àfi kí ẹni tí kò fọ̀ ọ́ wá fi jẹun.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ó di ìjókòó Màmá mú lórí ọkọ̀ méjèèjì, ó di ti Àbúrò náà mú, ó fi ọjọ́ mẹ́ta sáàárín. Kọ̀ǹpútà fún un láyè di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti sọ ọ́ di tíkẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kó ṣe é lójú ẹsẹ̀. Kò ṣe é. Ó ní òun máa kọ́kọ́ wádìí òtẹ́ẹ̀lì.

Àbúrò ò jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó wà létí omi. Lọ́jọ́rú, ó ní kí wọ́n má gba yàrá oníbùsùn méjì o, ibùsùn kan ṣoṣo ni kí wọ́n gbà, òun fẹ́ sùn ti Màmá bí ìgbà tí òun wà lọ́mọdé. Ìyá Bàálù kọ ọ́ sínú ìwé, "ibùsùn kan", ó sì tẹ bírò mọ́ ìwé náà débi tó fi lu.

Ti Màmá tún wá burú jù. Màmá tí kì í béèrè nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ṣé oòrùn máa ń mú níbẹ̀? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí arúgbó ki ẹsẹ̀ bọ omi? Ó rán ọmọ alábàágbé wọn lọ ra fìlà elétí gbòòrò nítorí oòrùn. Ó di báàgì kékeré, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Bàálù ṣe máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, Ìyá Bàálù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ tí Màmá ń kọrin jẹ́jẹ́ bó ṣe ń ká aṣọ. Ta ni orin yẹn wà fún? Kò tíì kọrin nínú ilé yìí láti ọdún mọ́kànlá, létí tirẹ̀. Owú mú Ìyá Bàálù bí ibà.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo márùn-ún lù, ọ̀gá rẹ̀ ti lọ sí báńkì, oníbàárà ò sí níwájú rẹ̀. Ó ṣí ètò Màmá. Ó tú ìjókòó ọkọ̀ kejì sílẹ̀, ó tú ti Àbúrò sílẹ̀, ó wá mú èyí tó máa gbéra lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tí Màmá bá balẹ̀, lọ́jọ́ kan náà. Wákàtí mẹ́rin. Àyè àtitọ̀ àti àtimu omi. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó di tíkẹ́ẹ̀tì.

Ó tẹ Àbúrò láago pé àyè ti tán. Àbúrò ní, "Kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé ẹ gbìyànjú." Ìyá Bàálù rò pé ọkàn òun máa balẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ó délé, ó sọ fún Màmá lórí àga ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ní àsìkò ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé ni, gbogbo èèyàn ló ń rìn. Ó ní òun wo òwúrọ̀, òun wo ìrọ̀lẹ́, òun wo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Ó ní wọ́n tiẹ̀ tún yí ọkọ̀ ńlá padà sí kékeré. Ó ní kódà ká ní àyè wà, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ì bá ni orúnkún Màmá lára.

"Ó dáa," ni Màmá wí.

Màmá fa báàgì kékeré sún mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan inú rẹ̀ jáde, ó ń tò wọ́n sórí ibùsùn lọ́kọ̀ọ̀kan: aṣọ méjì, bàtà pẹlẹbẹ, fìlà. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn.

"Ọmọ mi," ó wí níkẹyìn, "tí àyè ò bá sí, èèyàn á ní kò sí. Ìwọ ti ń ṣàlàyé láti ìgbà tó o ti wọlé."

Ìyá Bàálù tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ orí ibùsùn.

"Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan o. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ. Àbí kí ni mo fẹ́ fi etí omi ṣe? Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ṣùgbọ́n ro ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ wò. Láti ọdún mọ́kànlélógún, ohùn mi nìkan ló ní. Ìwọ lo ni gbogbo èyí tó kù."

Ó ká fìlà náà sí méjì, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní kó bá òun pa fèrèsé dé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Bàálù dé ọ́fíìsì kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Kò bọ́ báàgì lọ́rùn kó tó tan kọ̀ǹpútà. Irọ́ tó pa lánàá ti di òótọ́: kò sí àyè mọ́. Ìjókòó tó tú sílẹ̀ ti lọ. Ó wo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó wo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó yẹ àkókò ìsinmi iléèwé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rí ibi tí èèyàn ti lè dúró ọjọ́ mẹ́ta, kí ìjókòó sì wà fún ẹni méjì lórí ọkọ̀ kejì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́rin sí i.

Ó fi ọwọ́ lérán. Tí kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó lé díẹ̀ ló kù tí Màmá fi máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi í. Tó bá ṣe é, ọjọ́ mẹ́rin ló kù, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́ta nínú ilé tí kò ti ní sẹ́ni tó máa gbé omi gbígbóná fún. Ọjọ́ mẹ́ta tó fẹ́ gbà mọ́ Àbúrò lọ́wọ́ fẹ́ gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ó di ìjókòó mẹ́rin mú, méjì ti Màmá, méjì ti Àbúrò. Ó gbé fóònù.

"Ṣé o lè gba ìsinmi láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?" ó bi Àbúrò.

"Màá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á gbà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rí àyè ni?"

"Àyè wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo tú u sílẹ̀." Ó dúró. "Mò ń jowú ẹ ni. Ibùsùn kan tó o wí yẹn ló pa mí."

Kì í ṣe ohun tí Ìyá Bàálù ń retí ni Àbúrò sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, apá wo ni Màmá máa ń sùn sí?"

"Kí ni?"

"Lórí ibùsùn. Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń mu tíì. Mi ò mọ irú bàtà tó ń gbà wọ́n. Mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ Àìkú."

Ìyá Bàálù fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì àná, ó tẹ bọ́tìnnì, èyí tuntun di tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Apá ògiri ni Màmá ń sùn sí. Tíì, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kó tutù díẹ̀. Kó má ṣe bá a lórí àtẹ̀gùn lójijì, kó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní apá ọ̀tún, orúnkún òsì nìkan ló ṣeé gbára lé. Tó bá ní ebi ò pa òun, ó ń purọ́. Ó gbọ́ tí Àbúrò ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó ń ní, "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra." Ọ̀gá wọlé, ó wo aago, ó wo ojú rẹ̀, ó gba inú yàrá rẹ̀ lọ láìbi í ní nǹkan kan. Oníbàárà méjì jókòó, wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ẹyọ kan. Tí èèyàn bá fi òróró wọ́ ẹsẹ̀ Màmá kó tó sùn, lẹ́sẹ̀ òsì ṣáájú, tí kò sì bá a sọ̀rọ̀, ó máa ń dé ibi kan tí Màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàbá wọn, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tí kì í sọ lójú mọmọ.

"Ṣé ó ku nǹkan kan?" ni Àbúrò bi í.

"Ó tán," ni Ìyá Bàálù wí.