Ẹja Mẹ́ta fún Múìbátù

Láàárọ̀ òní, Rófíátù ọmọ ọmọ mi ṣí ìgò kan nínú ilé ìdáná wa ní Richton Park, òórùn iyọ̀ àti ẹja sì gba gbogbo ilé. Ọkọ rẹ̀ sáré lọ ṣí fèrèsé, tòun ti bí òtútù Chicago ṣe ń mú lóṣù yìí. Mo jókòó síbi tí mo wà, mo ń fa òórùn náà símú díẹ̀díẹ̀, torí pé n kò sí nínú ilé ìdáná mọ́. Mo ti dé abúlé wa létí òkun, lápá Àgbádárìgì. Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá, iyanrìn sì ti kún ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, abúlé náà ò tóbi. Ilé ibẹ̀ ò ju ogún lọ, imọ̀ àgbọn la fi bo òrùlé wọn. Ní kùtùkùtù ni ọkọ̀ àwọn bàbá wa máa ń gúnlẹ̀, àwọn ìyá wa á jókòó ti agbọ̀n ṣáwá, wọ́n á máa yọ ìfun rẹ̀, wọ́n á máa fi iyọ̀ sí i kó tó dórí ààrò. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Bó o bá ń kọjá, tó o bá ẹnìkan nídìí ẹja, ẹ kú iṣẹ́ nìkan ò tó. Wàá bẹ̀rẹ̀, wàá bá a ṣe ẹja mẹ́ta kó o tó máa lọ. Ìdí ẹja mẹ́ta yìí la ti ń gbọ́ ta ló bímọ, ta ló ń ṣàìsàn, ta ló ń bínú sí ta. Òfin náà ò yọ ìmáàmù wa sílẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni bàbá yẹn máa ń gbà relé lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí aṣọ funfun rẹ̀.

Múìbátù lọ̀rẹ́ mi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Bó bá ti rí mi lókèèrè báyìí, á ti to mẹ́ta tèmi sórí ewé, á sì ṣa àwọn tó kéré jù fún mi, torí ó mọ̀ pé ọ̀lẹ ni mí. Tá a bá ṣe tán, a ó lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ògbólógbòó kan tó ti ń jẹrà, níbi tẹ́nikẹ́ni kì í dé, a ó máa wo òkun. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò gúnlẹ̀ láti Èkó, wọ́n wá ṣeré létíkun wa pẹ̀lú agboòrùn aláwọ̀ mèremère. Gbogbo ọmọdé ló sáré lọ wòran. Bí mo ṣe ń kọjá níwájú ilé wọn, Múìbátù pè mí.

“Mẹ́ta tìẹ rèé o.”

Mo ní mò ń bọ̀. Mi ò dúró. Òkun ti ń jẹ ẹ̀yìn ilé wọn látọjọ́ pípẹ́, bàbá rẹ̀ sì ti pinnu láti kó wọn lọ sí Kútọnu lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Mo gbà pé ohun tó fẹ́ sọ fún mi nídìí ẹja nìyẹn. Nígbà tí mo padà dé, ọkọ̀ ti gbé wọn lọ. Ẹja mẹ́ta wà lórí ewé lẹ́nu ọ̀nà, eṣinṣin ti bò ó. Mi ò fojú kan Múìbátù mọ́ títí dòní.

Lọ́dún tó kọjá, Rófíátù bi mí pé kí ló kù tí mo fẹ́. Mo ní mo fẹ́ jókòó létí òkun lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi tí ariwo ò sí, kí orúnkún mi tó kọ̀ mí sílẹ̀. Adágún Chicago yìí tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí kò níyọ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Ló bá gba ìsinmi níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣe ní Naperville, ó gbé mi lọ sí Ítálì, sí ìlú kan tó rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù.

Àṣé gbogbo ayé ló ti rí àwòrán náà. Agboòrùn hù bí olú létíkun, a ò sì lè jókòó láìsanwó. Ọjọ́ méjì gbáko, ìpàkọ́ àwọn èèyàn la fi ṣèran wò. Ojú ń ti Rófíátù torí òun ló yan ibẹ̀, kò gbé fóònù sílẹ̀, ó ń wá ìlú mìíràn. Mo ní kó jẹ́ ká wá ẹni tó ti ta ẹja tán.

“Màmá àgbà, ẹja la wá rà ni?”

“Ibi tó ń sùn la fẹ́ mọ̀. Ẹni tó ń ta ẹja fún èrò kì í sùn láàárín èrò.”

A rí ọkùnrin kan tó ń to àpótí òfìfo sínú ọkọ̀. Rófíátù fi fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa fún un. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ojú irin, ó na ìka mẹ́ta: ibùdókọ̀ kẹta.

A wọ ọkọ̀ ojú irin débẹ̀. Ìlú kékeré ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kan, ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí kan, àwọ̀n tí wọ́n sá sórí ògiri. Ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ti abọ́ ẹja wẹ́wẹ́, àfi bíi ṣáwá. Mo kí i, mo fẹ́ máa kọjá, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kí Rófíátù tó dì mí mú, mo ti jókòó, mo ti mú ẹja. Ìyá náà wò mí bí ẹni wo olè. Rófíátù ń fi fóònù túmọ̀ ẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìyá ti rí bí àtàǹpàkò mi ṣe la ikùn ẹja, ló bá ti abọ́ iyọ̀ sí mi. Mo ṣe ọ̀kan, mo ṣe ìkejì. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi dúró. Mi ò fẹ́ kó tán.

Rófíátù bi mí pé kí ló dé.

“Ti Múìbátù ni,” mo wí, mo sì ṣe é.

Lẹ́yìn náà, èmi àti ìyá náà ń wo òkun títí oòrùn fi rọlẹ̀. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tá a fẹ́ lọ, ó gbé ìgò ẹja oníyọ̀ kan fún mi. Nínú ọkọ̀ ojú irin tá a wọ̀ padà, mo sọ òfin ẹja mẹ́ta fún Rófíátù. Ìgò yẹn náà ló ṣí láàárọ̀ yìí.

Wọ́n ní omi ló wà báyìí níbi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀. Ààrò ò sí mọ́, àwọn tó mọ òfin náà ò sì pọ̀ mọ́.

Òórùn ìgò yẹn ló gbé mi dìde. Mo kó ẹja jáde nínú fíríìjì, mo jókòó tì í. Rófíátù tó ti gòkè lọ múra sọ̀ kalẹ̀, kóòtù ti wà lọ́rùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́, ó ti fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó kí mi, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn. Mi ò pè é. Ó wo aago, ó ká apá kóòtù sókè, ó padà wá ṣe ẹyọ kan, kò tiẹ̀ mọ́ dáadáa.

“Màmá àgbà, méjì tó kù dìgbà tí mo bá dé o.”

Mo ti fi iyọ̀ sí méjì tirẹ̀ tó kù, mo dé e, mo gbé e padà sínú fíríìjì. Eṣinṣin ò lè dé ibẹ̀.