Owó Ilé-Ìwé Tí Mo Gba Ọwọ́ Ọkọ Mi San

Mo rántí bí ọwọ́ mi ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́ ní Ṣakí, láwọn ọdún tí mo fi ń ṣe èlùbọ́. Ọ̀bẹ ti ha àtàǹpàkò mi yánnayànna, oje iṣu á sì máa yún mi dé ìgbọ̀nwọ́. Bí mo bá bó iṣu tán, màá bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, màá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sá a sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ọkọ mi. Oòrùn àti ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ títí yóò fi máa dún bí igi, àwọn oníṣòwò á sì fi ọkọ̀ akẹ́rù wá kó o lọ sí Ìbàdàn.

Èlùbọ́ kọ́ ni mo bá wá sílé ọkọ. Ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni mí, mo ti jáde ilé-ìwé girama, mo sì ti yege nínú ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Jọ́gíráfì ni mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ. Mo lè fi igi ya odò Ọ̀fìkì sórí iyẹ̀pẹ̀, láti orísun rẹ̀ dé ibi tó ti wọnú odò ńlá. Kí n tó gbà láti fẹ́ ọkọ mi, ó ṣèlérí níwájú bàbá mi pé òun yóò rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo wọlé ọkọ ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin rí yunifásítì wọ̀. Ọkọ mi pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ, pé bó bá jáde, àbúrò òun ni yóò fà mí lọ́wọ́. Inú mi dùn sí i. Àní mo tún pa adìẹ fún ọmọ náà lọ́jọ́ tó ń lọ, bíi pé èmi gan-an ni mo ń rìnrìn àjò.

Oko ọkọ mi kò fẹ̀. Èlùbọ́ mi ló ń san owó ilé-ìwé náà, láti ọdún àkọ́kọ́ dé ìparí, ṣùgbọ́n mi ò fi owó náà lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ rí. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí ìyàwó bá fẹ́ ṣe fún ẹbí ọkọ, kí ó jẹ́ kí ó gba ọwọ́ ọkọ kọjá, kí wọ́n lè máa rí ọkọ rẹ̀ bí ọkùnrin. Ó ní, ọkùnrin rí ejò, obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Nítorí náà, bí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé, màá kúnlẹ̀ ní yàrá, màá kó owó fún ọkọ mi, òun á jáde sí pálọ̀, á pe àbúrò rẹ̀, á gbà á nímọ̀ràn gan-an kó tó nawọ́ owó sí i. Èmi á wà lẹ́yìn kọ́tìnì, màá máa gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń ṣàdúrà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo rò nígbà náà pé àdúrà mọ ọ̀nà ilé ẹni tó ni ín. Ìyá mi ò sọ fún mi pé bí ejò bá kú tán, ẹni tó rí i ni wọn yóò máa kì.

Ọmọ náà jáde, ó rí iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ó kọ́lé, ó gbéyàwó. Ọkọ mi kékeré ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ, nítorí ó ti wà nílé kí n tó dé. Lọ́dọọdún ló ń gbé ìrẹsì wá fún wa, lọ́dọọdún ni mo sì ń retí ọ̀rọ̀ kan tó ju ìrẹsì lọ. Àwọn tí a jọ jáde girama ti ń di ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ìrètí ti sú mi, mo fi owó ara mi ra fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Màmá ni gbogbo kíláàsì ń pè mí, wọ́n sì máa ń wo ìwé mi bí iṣẹ́ bá le.

Lọ́dún kejì, òjò tètè dá. Iṣu tí a wà kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe èlùbọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti ní ẹni tí kò bá sanwó kò ní wọ yàrá ìdánwò. Mo bẹ ọkọ mi pé kí ó bá àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ bó bá wálé ọdún Iléyá. Ó ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ ọdún, àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wá láti Òtu. Mo gbé ẹran díndín wá. Mo wo ọkọ mi kí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwo ló ń wò. Mo bá kúnlẹ̀, mo ní kí ọkọ mi kékeré dákun ràn mí lọ́wọ́ kí n lè ṣe ìdánwò. Ẹ̀gbọ́n wọn ló kọ́kọ́ fèsì.

“Ìyàwó, ewú ti ń yọ lórí ẹ, o ṣì ń gbé báàgì ilé-ìwé kiri. Ṣé kọmíṣọ́nà lo fẹ́ dà ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Àbúrò ọkọ mi ò fi mí ṣe ẹlẹ́yà ní tirẹ̀. Ó fara balẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa.

“Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Òógùn ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi kàwé. Bí wọn ò bá rán yín ní ilé-ìwé, ta ni èmi tí n óò gba orí wọn kọjá lọ rán ìyàwó wọn? Ìtìjú ni yóò jẹ́ fún wọn láàárín ìlú.”

Mo yíjú sí ọkọ mi. Gbólóhùn kan péré ni mo ń retí lẹ́nu rẹ̀. Ó mú eegun kan nínú àwo, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

“Ẹ jẹ́ ká jẹun,” ló wí. “Ẹran ń tutù.”

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu èmi fúnra mi. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá sọ irú rẹ̀ níwájú ẹbí ọkọ, wọn ò ní gbọ́ ohun tó sọ. Bó ṣe sọ ọ́ ni wọn yóò máa rò fún ọmọ-ọmọ wọn. Mo dìde, mo lọ bu omi wá fún wọn. Nígbà tí àlejò lọ tán, mo bá ọkọ mi lẹ́yìnkùlé, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun bọ́ra síhòòhò níwájú àbúrò tí òun tọ́ ni. Mo ní aṣọ tó ń bẹ lára rẹ̀ náà, èmi ni mo rà á. Ó gbé bùtà rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Mi ò ṣe ìdánwò náà. Ó di ìgbà tí iṣu tún ta dáadáa kí n tó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn tó ń pè mí ní Màmá ti jáde lọ. Mo parí rẹ̀, ó pẹ́ kí n tó ríṣẹ́ gbà, bí mo sì ṣe ń mọ orúkọ àwọn ọmọ ni wọ́n ní ọjọ́ orí mi ti tó láti fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ fìdáù ọkọ mi, inú yàrá ni mo wà láàárín àwọn obìnrin. Mo gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ níta, ó ń sọ fún àwọn àlùfáà bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe ta iṣu títí òun fi jáde yunifásítì. Ó ń sọ ọ́, ó ń sunkún. Wọ́n ṣàdúrà fún òkú nítorí oore náà, èmi náà sì ṣe àmín, nítorí àwọn ọmọ mi ń wo ojú mi.

Mo ti darúgbó báyìí. Àwọn ènìyàn ní kí n gbàgbé, pé mo ṣáà gba ìwé ẹ̀rí náà. Wọn ò mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí kọ́ ni mo pàdánù. Àwọn ọdún tó yẹ kí n lò níwájú pátákó ni, nígbà tí ohùn mi ṣì ń dún dé ẹ̀yìn kíláàsì. Àbúrò ọkọ mi ṣì ń pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó ń bi mí bóyá mo nílò nǹkan kan, mo sì máa ń ní rárá. Ìṣirò ló kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n kò ṣírò oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò rí, bóyá irú oko bẹ́ẹ̀ lè rán ọmọ níwèé. Ọkọ mi ni mo bá ń jà jù, òun sì ti lọ sí ibi tí wọn kì í ti í dáhùn. Ìdí tí mo fi kọ èyí sílẹ̀ nìyẹn. Bó bá dé ọwọ́ àbúrò rẹ̀, kò ní nílò ẹni tí yóò kà á fún un. Ó mọ̀wé, iṣu mi ló sì fi mọ̀ ọ́n.