Gílóòbù Mẹ́jọ Inú Yàrá Ìránṣọ

Bàbá Pẹ́ńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kun ilé onílé, kó tó di pé àkàbà yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti lè gun ohun tó ga ju àpótí ìjókòó lọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, ló wá ń fi màṣíìnì gbọ́ bùkátà ilé, nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ó kun ilé olówó kan tí wọ́n ri iná kéékèèké mọ́ inú àjà rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń dà wálẹ̀ bí ẹni ń da omi. Ó wọ̀ ọ́ lójú gan-an. Ó padà délé, ó ní, "Aya tèmi náà á ránṣọ lábẹ́ irú iná yìí." Gílóòbù hálójìn mẹ́jọ ló rà, oníṣẹ́ iná sì rì wọ́n mọ́ àjà yàrá ìránṣọ. Iná náà mọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó gbóná bí ààrò. Ìyá Aránṣọ á fi tówẹ̀lì kọ́ ọrùn kí òógùn má baà kán sórí aṣọ oníbàárà. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á ní, "Ọkọ mi, ìyàwó lẹ fẹ́ ni àbí àgbàdo? Ẹ ti fẹ́ sun mí jẹ."

Ọdún gorí ọdún. Nígbà tó yá, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. "Iná yìí ti ń kú o. Mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́." Bàbá Pẹ́ńtà gbójú sókè wo àjà. Lójú tirẹ̀, bí iná náà ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń tàn. Ṣùgbọ́n ta ni òun? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ iná ló mọ bí iná ṣe rí.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Aránṣọ fi òwú dúdú rán aṣọ búlúù, láti ọrùn títí dé ìṣẹ́tí. Nọ́ọ̀sì kan tó ti ń gbé aṣọ wá fún un láti bí ọdún mẹ́wàá ló ni ín. Nọ́ọ̀sì náà yẹ ojú òwú wò, kò jà, kò bínú. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Màmá," ó sì lọ. Kò padà wá mọ́.

"Iná ni," Ìyá Aránṣọ sọ lẹ́yìn tí ó lọ.

"Iná mà ni," ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ olùkọ́ wá kí wọn. Bí wọ́n ṣe sọ fún un, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi, ta ló ṣì ń lo hálójìn láyé ìsinsìnyí? Ooru ló ń fi iná mànàmáná ṣe, ìmọ́lẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi gílóòbù LED rọ́pò wọn. Èyí tí kò jẹ ju wáàtì márùn-ún-mẹ́fà á mọ́lẹ̀ tó èyí tó ń jẹ àádọ́ta, kò sì ní gbóná mọ́ Màmá lórí."

Ó lọ ra mẹ́jọ wá. Bàbá Pẹ́ńtà ní òun fúnra òun lòun máa pààrọ̀ wọn. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ìtẹ̀sẹ̀ kìíní lára àkàbà, ó gbé e lé ìkejì, orúnkún rẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀, títí ọmọ rẹ̀ fi gbá a mú ní ìbàdí bí ẹni ń gbé ọmọdé. Wọ́n bá ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ iná, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan.

Oníṣẹ́ iná ń yọ gílóòbù àtijọ́, Bàbá Pẹ́ńtà sì ń fi fìlà gbà wọ́n nísàlẹ̀. Nígbà tí tuntun wọlé tán, wọ́n tẹ súwíìṣì. Iná tàn, ó ṣẹ́jú, ó tún tàn, ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀.

Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ bo ojú. "Ṣé ojú mi ló ń ṣe báyìí ni, àbí iná?"

"Iná ni, Màmá," oníṣẹ́ iná dáhùn.

"Ẹ ò rí i!" Bàbá Pẹ́ńtà kígbe. "Ṣebí mo ti sọ pé iná ni!" Ayọ̀ tó wà lóhùn rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ, ọmọ rẹ̀ sì wò ó.

Oníṣẹ́ iná ṣàlàyé pé tiransífọ́mà kékeré tó wà nínú àjà, tó ń dín agbára iná kù fún gílóòbù, ló fà á. Hálójìn ni wọ́n ṣe é fún. "Ẹrù wúwo ló mọ̀ ọ́n rù. LED yìí fúyẹ́ jù fún un, ni ò ṣe lè dúró sójú kan." Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó mú èyí tó bá LED mu wá, ó sì rì í mọ́ ọn.

Lọ́tẹ̀ yìí, iná tàn, ó dúró gbagidi. Ó funfun, ó tutù, Bàbá Pẹ́ńtà sì ń rí eèrà tó ń rìn lára ògiri. Ọmọ wọn pàtẹ́wọ́. Ìyá Aránṣọ dúró láàárín yàrá, ó gbé òwú dúdú àti búlúù sókè súnmọ́ ojú.

"Ṣé ẹ ti tan gbogbo rẹ̀?"

Àtẹ́wọ́ dá.

"Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń tàn, Màmá," oníṣẹ́ iná sọ jẹ́jẹ́.

"Ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn wò. Ó ṣókùnkùn."

"Ayédèrú ni wọ́n tà fún wa," Bàbá Pẹ́ńtà sáré sọ. "Ẹ jẹ́ ká lọ ra èyí tó lágbára jù ú lọ. Ká fi méjì sí i. Ká fi mẹ́rin…"

"Bàbá mi," ọmọ rẹ̀ sọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n gbé Ìyá Aránṣọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tó bá rí ìmọ́lẹ̀ bíńtín. Bàbá Pẹ́ńtà jókòó sẹ́yìn, ó ń tẹ́tí. Bọ́tìnnì dún lẹ́ẹ̀kan. Ó pẹ́. Ó tún dún. Lẹ́yìn náà, kò dún mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ sì ń yún ọkọ láti bá a tẹ̀ ẹ́.

Dókítà ní omi inú ojú ló ń ru sókè, tó ń tẹ iṣan ìríran pa díẹ̀díẹ̀. Kì í dunni, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í tètè mọ̀. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Èyí tó ti lọ ò ní padà, àmọ́ oògùn lè di èyí tó kù mú.

"Dókítà, tèmi méjèèjì ṣì dá ṣáṣá," Bàbá Pẹ́ńtà sọ. "Ẹ yọ ọ̀kan fún un."

Dókítà mi orí. "Bàbá, a ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Aránṣọ jẹ́wọ́ pé láti èṣí ni òun ti ń fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn.

"O ò ṣe sọ fún mi?"

"Ká ní mo sọ, kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

Bàbá Pẹ́ńtà lọ síbi tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ àwọn oníbàárà jọ láti dá wọn padà, àwọn tí sísọ́ọ̀sì ò tíì kàn. Ìyàwó rẹ̀ ń fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ẹni tó ni ín. Kò ṣi ọ̀kan pè.

Nísinsìnyí, ìṣẹ́tí aṣọ nìkan ló ń rán, ìka ló sì fi ń tọ́ ọ. Lówùúrọ̀, ọkọ rẹ̀ ló ń kán oògùn sí i lójú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán oògùn fi bọ́ sí imú obìnrin náà.

"Ọkọ mi, imú kọ́ ló ń ṣàìsàn o."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tètè tán. Ó tún gbé ìgò oògùn náà sókè, ó fi ọwọ́ kejì di ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ mú, ó ń dúró kí gbígbọ̀n náà rọlẹ̀.