Áyọ́ọ̀nù Tó Dúró Lórí Ṣẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fíìmù kan dára, ẹ má bi àwọn tó ń polówó rẹ̀ o. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alágbàfọ̀ lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tó bá ti pa áyọ́ọ̀nù tán, tí ooru rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n máa ń jókòó sáàárín aṣọ tí wọ́n fi kọ́, wọn a sì máa fa fíìmù ya bí ẹni ń fa àkísà ya. Ìyá fúnra rẹ̀ ni ẹnì kìíní. Èkejì ni Onígbàjámọ̀ tó ń gẹrun lódìkejì títì, tí oorun kò jẹ́ kó wo fíìmù kan tán rí. Ẹ̀kẹta ni Nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin kan tó máa ń fẹ́ràn òṣèré tó bá ti lẹ́wà, ì báà má lè la ẹnu. Ẹ̀kẹrin ni bàbá aránbàtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kò-Tíì-Dáa. Fíìmù kan wà tí gbogbo ayé ń sunkún sí, ohun tí bàbá yìí rí sọ nípa rẹ̀ ni pé bàtà ọkọ ìyàwó tóbi jù ú lọ.

Olúkúlùkù wọn ló ń wo fíìmù nílé tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, lórí fóònù. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tó bá mú fíìmù wá ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kó má baà darí ọkàn àwọn yòókù. Ìyá ló mú ti ọ̀sẹ̀ yìí wá, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú fíìmù náà. Kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n lójú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ọmọ náà ti lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ nílùú mìíràn kí Ìyá tó kó ṣọ́ọ̀bù wá sí àdúgbò yìí. Tíṣà ni báyìí, àmọ́ eré ṣíṣe ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ipa ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n fún un nínú fíìmù yìí ni àkọ́kọ́, kò sì ju bíńtín lọ. Àwọn kan ti wá fi ipa ńlá lọ̀ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kó tó lè gbà á. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yìí gan-an ni wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì. Ó ti pe ìyá rẹ̀: "Màámi, ẹ wò ó, kí ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bí ẹ bá ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, mo fi sílẹ̀ nìyẹn."

Ìyá wò ó, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ọmọ náà ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá rẹ̀ nínú fíìmù náà, ó ń ṣe é dáadáa, àfi lójijì tí áyọ́ọ̀nù dúró lórí aṣọ, tí kò sì gbé e. Ọmọ alágbàfọ̀! Ọmọ tó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí Ìyá kọ́ ọ ni pé áyọ́ọ̀nù kì í sinmi lórí aṣọ olówó. Ìyá gbà pé ọmọ náà ti ba iṣẹ́ jẹ́ lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Kò lè sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ló bá gbé fíìmù náà fún àwọn tí kì í ṣojúsàájú.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi gbádùn ẹ̀ o. Ẹ wo èjìká ọkọ yẹn. Gbogbo irọ́ tó ń pa fún ìyàwó ẹ̀, kò tiẹ̀ bí mi nínú."

"Irú ẹ̀ lo máa fẹ́," ni Onígbàjámọ̀ dá a lóhùn. "Èmi sùn níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo jí, ọmọ ọ̀dọ̀ kan ń lọ aṣọ. Mi ò tún sùn mọ́ títí ó fi parí. Nọ́ọ̀sì, bá mi yẹ ara mi wò, kó má lọ jẹ́ àìsàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ wà lára Kò-Tíì-Dáa. Bàbá náà húkọ́.

"Òjò inú ẹ̀, omi ẹ̀rọ ni. Ẹ̀gbẹ́ kan títì ló rọ̀ sí. Ọkọ tí Nọ́ọ̀sì ń yìn yẹn, tó bá ń sunkún, àfi bíi pé bàtà ń há a lẹ́sẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ń pariwo jù. Kò tíì dáa." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ká a. Ó parí nìyẹn.

Kò dárúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ rárá. Ìyá kò lè mú un mọ́ra mọ́, ló bá rú òfin. "Ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ọmọ ọ̀dọ̀ wo?"

"Èyí tó ń lọ aṣọ."

"Àá, ìyẹn. Èmi rò pé alágbàfọ̀ gidi ni wọ́n lọ yá wá. Ó bẹ̀rẹ̀ látọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ sí apá, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́."

"Kì í ṣe eré nìyẹn," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe."

"Alágbàfọ̀ kọ́," ni Ìyá sọ, ohùn rẹ̀ sì le ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Alágbàfọ̀ wo ló máa fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ? Ó bàjẹ́ níbẹ̀."

Kò-Tíì-Dáa tún wọ awò rẹ̀. "Ibẹ̀ gan-an lẹ ti ṣì í, Ìyá. Ṣé ẹ rántí pé ọkọ ń bá àlè ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì? Ọmọ yẹn gbọ́. Kò lanu, kò sunkún, ọwọ́ ẹ̀ kàn dúró ni. Èmi ní, 'Gbé e, aṣọ fẹ́ jó!' Mo ti dìde lórí àga kí n tó rántí pé inú fóònù ni wọ́n wà. Ìyàwó mi ń wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Èèyàn kì í dìde fún ẹni tó kàn ń lọ aṣọ. Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ aṣọ, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kóun gbàgbé ẹ̀." Ó tún bọ́ awò rẹ̀. "Ó dáa."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Onígbàjámọ̀ ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ. Ó kọ̀.

Ìyá jókòó sórí ìdì aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀. Ó mí kanlẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi ni," ló wí.

Nọ́ọ̀sì dì mọ́ ọn. Kò-Tíì-Dáa ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa? Ǹ bá ti sọ ohun tó máa dùn mọ́ yín látìbẹ̀rẹ̀."

"Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn."

Ó pe ọmọ rẹ̀ lójú wọn. Fóònù kò tíì dún tán tí ọmọ náà fi gbé e.

"Màámi, ẹ kú ọ̀sán. Ṣé ẹ ti wò ó?"

"Mo wò ó. O fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀tì."

Ọmọ náà ní, "Mo mọ̀, Màámi. Kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n ní kí n kàn máa lọ aṣọ lọ ni."

"Níbo wá lo ti rí i?"

"Lọ́dọ̀ yín ni. Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ fún yín pé Bàámi ò sí mọ́. Ẹ rò pé mo ti sùn lórí ìdì aṣọ."

Ìyá rántí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà kan ni, ó jó wọ tábìlì. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó gbé tábìlì náà jù nù, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí ọmọ ń bẹ láti tọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló ti rò pé òun nìkan ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Àṣé ọmọ náà ti ń bá òun gbé ẹrù yẹn láti kékeré. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ lọ́nà tí kò rò tẹ́lẹ̀.

"Gba iṣẹ́ náà," ló wí.

"Ṣé ó dáa lóòótọ́, Màámi? Àbí torí pé ọmọ yín ni mí?"

Ìyá wo ẹ̀yìn. Kò-Tíì-Dáa ti kọjú sí ṣòkòtò kan tí wọ́n fi kọ́, ó ń ṣe bí ẹni tí ń wo ojú rírán rẹ̀. Ìyá na fóònù sí i. Bàbá náà gbà á, ó húkọ́, ó ní kí ọmọ náà bá òun sọ fún wọn pé òjò wọn kò bójú mu.

"Ṣùgbọ́n tìẹ, ọmọ mi," ló wí, "ó dáa."

Onígbàjámọ̀ ní òun ti wá gbọ́ ọ báyìí.