Sílíńdà Bísí Tí Mo Lu Òǹtẹ̀ Sí

Inú mi ń dùn láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi ni mo jẹ̀bi.

Bísí òmùwẹ̀ gbé sílíńdà tó fi ń mí lábẹ́ omi wá bá mi ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ọ̀la ló ń wọ omi, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Mo ní kò séwu, iṣẹ́ mi ni yíyẹ sílíńdà wò, èmi ni mo sì yẹ̀ ẹ́ wò tí mo lu òǹtẹ̀ pé ó dára sí i. Mo gbá a, ó dún gooro.

"Bàbá, ṣé ìró ni n ó máa mí sínú ni? Ẹ ṣí i, jàre."

A ṣí i. Ìpáàrà dà sílẹ̀ bíi gààrí.

Kí n má purọ́, gbígbá ni mo fi yẹ gbogbo sílíńdà wò lẹ́nu iṣẹ́. N kò ṣí ọ̀kankan rí. Mo tọrọ àforíjì.

"Mo ti gbọ́, bàbá. Èmi ti yè é. Àwọn tó kù ńkọ́?"

Ẹ̀yin òmùwẹ̀, ta ni òǹtẹ̀ mi wà lára sílíńdà rẹ̀? Ẹ gbé e wá, ká ṣí i.